Ohun èlò àwọn tó ń fi ìbọn díje: èwo ló yẹ ìbọn ọdẹ Èkìtì?

Ọdẹ tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣe ìbọn ní ìwọ̀n ara rẹ̀, bí ìgbà tí télọ̀ bá ń wọn èèyàn fún agbádá, kì í pẹ́ kó tó rí àwòrán ìbọn àwọn adíje ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀pá ìbọn náà nípọn, awò orí rẹ̀ gùn gbọọrọ, ìdí rẹ̀ jẹ́ álúmíníọ́ọ̀mù tó kún fún ìdè àti bọ́tìnnì, tírígà rẹ̀ sì fúyẹ́ débi pé ìka kò tíì tẹ̀ ẹ́ dáadáa tó fi dún. Ó wu ojú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣe é fún mọ ibi tí àmì wà, ó mọ iye mítà tó wà láàárín wọn, ó sì máa ń yìn tó ọgọ́rùn-ún ọta lọ́jọ́ kan. Ọdẹ tó ń rìn nínú igbó Ìsẹ̀ tàbí tó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè kò mọ ọ̀kankan nínú ìyẹn, ọta kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń yìn, lẹ́yìn tó ti rìn títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Gbogbo ohun tí a ó sọ nípa àwọn ohun èlò yìí, orí ìyàtọ̀ yẹn ló dúró lé: èyí tí wọ́n ṣe nítorí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọta kì í bá ọdẹ mu, èyí tí wọ́n ṣe kí ìbọn lè bá ara ẹni mu sì yẹ ọdẹ ju bó ṣe yẹ adíje pàápàá lọ.

Òfin ló ṣáájú irin. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ráífù 7.62 mm, 9 mm àti .300 ínṣì mọ́ ìbọn ológun, ó sì kà wọ́n léèwọ̀. Ọ̀pọ̀ adíje ló sì ń lo .308, tó jẹ́ 7.62 mm gan-an. Ìbọn ẹlẹ́tù, ìyẹn èyí tó ń yìn ọ̀pọ̀ wóró òjé lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá ń kó ọta sẹ́nu fúnra rẹ̀, àti èyí tí a ń fọwọ́ fà kó tó kó ọta, kò sí lára àwọn tí òfin náà ní aráàlú lè gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá bí ìbọn ti ara ẹni, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń yìn àwo tí wọ́n ń jù sókè. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí a ń ṣẹ́ ní ìdí ki ọta, àti ráífù ọdẹ tí ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ti ológun, ni a lè béèrè ìwé fún. Ẹ jẹ́ kí ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún oníṣẹ́ ìbọn kankan. Ìbọn tó dára jù láyé kò wúlò fún ọdẹ tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí tírígà, torí òun ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè, òun náà ló sì léwu jù. Àwọn adíje ráífù ọlọ́nà jíjìn máa ń dín agbára tí tírígà ń gbà kù sí 113 giráàmù tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin adìẹ méjì ló wúwo tó bẹ́ẹ̀. Lórí ẹní, níbi tí ìbọn ti fẹsẹ̀ lélẹ̀, tí ìka kì í kan tírígà títí àmì yóò fi dúró láàárín awò, kò séwu. Ẹ wá gbé tírígà yẹn wọ igbó lẹ́yìn òjò. Ìka ti tutù, ó ti le, kò mọ ohun tó ń kàn mọ́. Okùn ìtàkùn kan fa ọwọ́, ẹsẹ̀ yọ̀ lórí igi tó wó, ìbọn sì ti dún. Ẹni tó ń rìn níwájú lè jẹ́ ọmọ ìyá ẹni. Fún ráífù ọdẹ, kílò kan àti 300 giráàmù sí kílò kan àti 800 ni a fara mọ́. Fún ìbọn ẹlẹ́nu méjì, kílò kan àti 600 sí kílò méjì lé díẹ̀. Bí tírígà bá já ṣánṣán bí igi gbígbẹ, láìwọ́, láìfa ẹsẹ̀, ìwúwo yẹn kò ní ba ìyìn jẹ́ rárá. Jíjá ṣánṣán yẹn ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ ìbọn, ẹ má béèrè fífúyẹ́.

Ewu kejì wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń ta tírígà kì í sọ. Irin méjì tó gbé ara wọn dúró nínú tírígà adíje, eteetí báyìí ni wọ́n fi kanra. Bí epo bá pọ̀ níbẹ̀, tí ọyẹ́ sì dé, eruku pupa inú pápá á lẹ̀ mọ́ epo náà, á di bí gọ́ọ̀mù. Nígbà náà, irin náà lè má padà sí àyè rẹ̀ dáadáa. Ìbọn á dún nígbà tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn ibi tí ọta ń wọ̀ pa, tàbí kó kọ̀ láti dún nígbà tí ìgalà dúró síwájú yín. Tírígà ọdẹ kò fẹ́ epo púpọ̀. Kí ó gbẹ, kí ó mọ́, ó tó.

Ìwúwo ńkọ́? Ráífù àwọn adíje ọlọ́nà jíjìn sábà máa ń wọn kílò mẹ́jọ sí mọ́kànlá pẹ̀lú awò rẹ̀. Ẹ fojú inú wo kéègì omi lítà mẹ́wàá tí ẹ gbé kọ́ èjìká láti ìrọ̀lẹ́ títí àkùkọ yóò fi kọ. Wọ́n fẹ́ kó wúwo kí ìbọn má baà ta sẹ́yìn, kí wọ́n lè máa rí ibi tí ọta bà nínú awò, kí wọ́n sì tún un yìn kíákíá. Wọ́n mú ọ̀pá rẹ̀ nípọn torí pé ọta mẹ́wàá sí ogún léraléra máa ń mú irin gbóná, irin tó gbóná sì máa ń yí ibi tí ọta ń lọ padà. Ọta àkọ́kọ́ láti inú ọ̀pá tútù ni ti ọdẹ. Kí ó bà síbi kan náà lójoojúmọ́, òun nìkan ni ẹ nílò. Ọ̀pá tínínrín tó gùn tó 51 sí 56 sẹ̀ǹtímítà tó fún ìyẹn. Àwọn kan á ní ọta kò ní yára mọ́ bí ọ̀pá bá kúrú. Lóòótọ́, ínṣì kọ̀ọ̀kan tí a bá gé kúrò máa ń dín eré ọta kù ní nǹkan bíi mítà mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ọta ráífù ń sáré tó mítà 800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, igbó Èkìtì kì í sì í sábà jẹ́ kí ojú ríran kọjá mítà 60. Ẹran kankan kò ní mọ̀ pé a gé ọ̀pá. Ìtàkùn ló máa mọ̀ bí a kò bá gé e.

Bírékì tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ó ń dín títa ìbọn kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ iná àti ariwo sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdẹ á jìyà rẹ̀ ju ọdẹ fúnra rẹ̀ lọ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku àti ewé gbígbẹ á sì bo ojú kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹran ṣubú tàbí ó sá. Rọ́bà tó nípọn ní ìdí ìbọn, pẹ̀lú igi ìbọn tó bá èjìká mu, á ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà láìpariwo. Ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ ìbọn náà, koríko pápá wa ga ju kí ọdẹ dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ kó tún ríran lọ. Ó kàn ń kó ìtàkùn ni.

Awò ìbọn ni owó ti ń ṣòfò jù. Awò tí àwọn adíje fẹ́ràn máa ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 5 dé 25, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì jẹ́ 56 mm. Ó lè wọn ju kílò kan lọ fún òun nìkan. Ẹ wo ìṣirò yìí: bí ẹ bá fi ìlọ́po 25 pín 56, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde bọ́ sójú yín kò fẹ̀ ju 2.2 mm lọ. Ojú èèyàn sì máa ń là tó 5 sí 7 mm nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ìyẹn ni pé ní àárọ̀ kùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹtu àti ìgalà máa ń jáde gan-an, awò olówó ńlá yẹn á ṣókùnkùn bí ẹ bá fi í sí ìlọ́po 25. Awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 4 pẹ̀lú gíláàsì 32 mm á fún yín ní 8 mm, tó ju ohun tí ojú lè gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí awò ọlọ́nà jíjìn ń fi hàn kò fẹ̀: ní ìlọ́po 25, nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ péré ni ẹ ó rí ní ọgọ́rùn-ún mítà. Ní ọgbọ̀n mítà, kò ní tó ìdajì mítà. Ẹ ó rí irun lára ẹran, ẹ kò ní mọ̀ bóyá èjìká ni tàbí itan.

Ìlà inú awò náà fẹ́ àkíyèsí. Ti adíje sábà máa ń tóbi tàbí kéré pẹ̀lú àwòrán. Bí ẹ bá dín in kù sí ìlọ́po 5, ìlà náà á tín bí irun aláǹtakùn, òkùnkùn abẹ́ igi á sì gbé e mì. Ẹ yan èyí tí ìlà rẹ̀ kì í yí padà, tó nípọn létí, tó tín láàárín. Ẹ má sì gba bọ́tìnnì tó wà ní ìta láìní ìdérí. Adíje fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ kó lè máa yí i fún ìjìnnà kọ̀ọ̀kan, ìró kékeré kan sì ń gbé ọta sókè tó sẹ̀ǹtímítà kan ní ọgọ́rùn-ún mítà. Nínú igbó, aṣọ á fà á, ìtàkùn á fà á, ìró mẹ́wàá lè kọjá láìjẹ́ pé etí gbọ́. Ọta á lọ sókè sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ọdẹ á ní wọ́n sà sí òun. Bọ́tìnnì tó ní ìdérí irin, tí a ti tò mọ́ ìjìnnà kan, ni ti ọdẹ.

Oríṣi adíje kan wà tí awò wọn yẹ wá: àwọn tó ń sáré láti ibì kan sí òmíràn tí wọ́n ń yìn nítòsí. Awò ìlọ́po 1 dé 6, gíláàsì 24 mm, ni wọ́n ń lò. Bó bá wà ní 1, ojú méjèèjì lè là sílẹ̀, ẹran tó bá fò jáde kò ní sọnù. Èyí ni a máa yàn fún ráífù inú ẹgàn láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Kìlọ̀kìlọ̀ kan ṣoṣo wà fún ẹni tó ń so iná mọ́ orí: ìmọ́lẹ̀ iná orí á tàn sára gíláàsì ẹ̀yìn awò, á ta padà sójú. Ẹ gbé iná náà ga díẹ̀ síwájú orí, kí ẹ sì dán an wò nílé lálẹ́ kí ẹ tó gbójú lé e.

Lórí ọta, kò sí àríyànjiyàn. Ọta ráífù tí wọ́n fi ń díje ní ihò kékeré lórí, wọ́n sì ṣe é kó lè lọ tààrà sórí bébà. Kò sí ìdánilójú pé á là nínú ara ẹran. Ó lè gba inú ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́, kí ẹran sá wọ igbó lọ kú síbi tí igún nìkan máa rí i. Ọta olórí rírọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọdẹ ni kí ẹ rà. Ti ìbọn ẹlẹ́tù náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje àgbáyé, kátíríìjì wọn kì í kọjá 24 giráàmù, wóró òjé inú rẹ̀ sì kéré, nǹkan bíi 2.4 mm. Àwo ni wọ́n ń fọ́, wóró mẹ́ta lè fọ́ àwo. Irun ọ̀yà le, awọ rẹ̀ sì gba ìyà. Wóró kéékèèké á dúró sínú ọ̀rá, ọ̀yà á lọ jẹrà nínú ihò. Ẹ lò wọ́n fún àparò bó bá wù yín. Fún ọ̀yà, wóró tó ju 4 mm lọ, irú èyí tí páálí rẹ̀ ń pè ní BB, ló yẹ. Kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ìbọn yín: ihò ọta ọ̀pọ̀ ìbọn adíje jẹ́ 70 mm. Kátíríìjì 76 mm lè wọ inú rẹ̀ kó sì tì, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò ní ráyè là, agbára tó há síbẹ̀ sì lè fọ́ ìbọn mọ́ ọ lọ́wọ́.

Igi ìbọn gan-an ni a fẹ́ kí ọdẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ra ohun tó dára tó sì ń bá wọn jà. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n ṣe fún yíyìn àwo tó ń fò lọ síwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní tráàpù, ìdí rẹ̀ ga níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbé sí. Àwo náà máa ń gòkè ni nígbà gbogbo, nítorí náà wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìbọn náà kó máa yìn sókè: nínú ọgọ́rùn-ún wóró, nǹkan bí 70 lè gba òkè ibi tí ẹ fojú sùn, kí 30 gba ìsàlẹ̀. Ọ̀yà kì í fò. Ilẹ̀ ló ń rìn, ọdẹ sì máa ń yìn sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ra irú ìbọn yìí á máa yìn orí koríko, á ní ojú òun ti ń ṣú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tún ní bọ́tìnnì tó ń de tírígà, tàbí kí wọ́n ti dè é pa kó má baà dí adíje lọ́wọ́. Ìbọn ọdẹ gbọ́dọ̀ ní i, kó sì jẹ́ irú èyí tó ń padà de tírígà fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí a bá ṣẹ́ ìbọn.

Síbẹ̀, ọgbọ́n ìwọ̀n wọn ni kí ẹ jí gbé. Adíje kì í gba igi ìbọn bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Ẹ yọ ọta kúrò, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì pé ìbọn ṣófo. Ẹ di ojú, ẹ gbé ìbọn sí èjìká bí ẹ ti máa ń gbé e, ẹ la ojú. Bí ìbọn bá bá yín mu, ojú yín á wà lókè ọ̀pá gan-an, ẹ ó rí ìlẹ̀kẹ̀ ẹnu ìbọn láàárín, láì tẹ ọrùn. Bí ẹ bá rí ẹ̀yìn irin nìkan, igi náà lọ sílẹ̀ jù. Bí gbogbo ọ̀pá bá tẹ́ lójú yín bí ọ̀nà, ó ga jù fún ọdẹ. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ wọ aṣọ tí ẹ fi ń ṣọdẹ, torí aṣọ nípọn lásìkò ọyẹ́ á mú igi ìbọn dà bí èyí tó gùn sí i. Bí ó bá lọ sílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ igi tó ṣeé gbé sókè sílẹ̀, irú èyí tí àwọn adíje ń lò, wúlò gan-an. Kí ẹ kàn ní kí wọ́n fi ìdè tó dúró ṣinṣin sí i, tó sì rọ̀ mọ́ra, kì í ṣe bọ́tìnnì ńlá tó yọ síta.

Ohun mìíràn tí a lè gbà lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn ni bí wọ́n ṣe ń gbé irin sórí igi. Òjò Èkìtì ń rọ̀ fún oṣù méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, igi sì ń wú. Igi tó bá wú á fara kan ọ̀pá ráífù, á máa tì í sí ẹ̀gbẹ́, ibi tí ọta ń bà á sì ṣí kúrò láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá. Àwọn adíje máa ń fi ọ̀pá irin kékeré méjì sínú igi níbi tí ìdè gbà kọjá, wọ́n á da ohun tó ń le bí òkúta yí ìdí irin ká, wọ́n á sì jẹ́ kí ọ̀pá dá wà. Ẹ fi bébà kan ṣoṣo dán an wò: ẹ tì í bọ abẹ́ ọ̀pá láti ẹnu, ẹ fà á sẹ́yìn títí dé ibi tí ọ̀pá ti wọ inú irin. Bó bá há níbì kan, ibẹ̀ ni igi ti ń fara kàn án. Igi tí wọ́n ti kùn nínú àti níta, tàbí oníke líle, kò ní wú bẹ́ẹ̀.

Ìdè ṣóòkù tó ń fún ẹnu ìbọn ẹlẹ́tù, èyí tó yọ síta díẹ̀ tí ọwọ́ lè yí, dára. Èyí tó là jù máa ń kó nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún wóró sínú òbìrí 76 sẹ̀ǹtímítà ní mítà 36, èyí tó fún jù sì ń kó 70. Nínú igbó tó dí, tí ẹran kì í jìnnà ju mítà ogún lọ, èyí tó là díẹ̀ ni kí ẹ lò. Ṣùgbọ́n kí ẹ fi ọwọ́ kàn án ní wákàtí wákàtí, torí ó máa ń tú, kí ẹ má sì yìnbọn láé láìsí i lẹ́nu ìbọn, ojú ìdè inú ọ̀pá á bàjẹ́ pátápátá.

Tí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni owó yín ká nínú gbogbo ẹrù adíje, ẹ má ra nǹkan kan mọ́ ìbọn. Ẹ ra ìbòtí oníbátìrì. Ìbọn ń dún ju 140 dẹ́síbẹ̀lì lọ, ìwọ̀n yẹn sì ti tó láti ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Etí tó bá ti kú kì í jí. Ìbòtí yìí ń gbé ìró kékeré sókè, ó sì ń dí ìró ńlá, ọdẹ tó bá wọ̀ ọ́ á gbọ́ bí ọ̀yà ṣe ń gé koríko dáadáa, ìbọn á sì dún bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń fi etí ṣọdẹ ló yẹ kó tọ́jú etí.

Nígbà tí ìbọn bá ti ṣetán, ẹ má san owó tó kù títí ẹ ó fi dán nǹkan mẹ́ta wò lójú oníṣẹ́ náà. Kí ìbọn ṣófo, ẹ gbá ìdí rẹ̀ pẹ̀lú òòlù rọ́bà níbi mẹ́rin. Bí tírígà bá já, ẹ dá a padà. Ẹ ti ilẹ̀kùn ibi tí ọta ń wọ̀ pa tagbáratagbára nígbà ogún. Bó bá já lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ní ibi tí òfin fàyè gbà, ẹ yìn ọta kan láti inú ọ̀pá tútù, ẹ dúró títí irin yóò fi tutù, ẹ tún yìn ẹyọ kan, títí yóò fi pé márùn-ún. Bí márààrún bá wà nínú ohun tí kò tóbi ju ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ kékeré lọ ní mítà 60, ráífù ọdẹ lẹ gbà. Bí wọ́n bá ń ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan, igi ń fara kan ọ̀pá: ẹ tún mú bébà yẹn jáde.